Fírígò Tó Ń Gbóná Nígbà Ọyẹ́

Òórùn iṣu tí wọ́n bọ̀ díẹ̀ tí wọ́n sì sá sórí àpáta kì í kúrò nímú ẹni tó bá dàgbà lápá ọ̀dọ̀ wa. Ó máa ń kan díẹ̀, ó máa ń dùn díẹ̀, tí oòrùn bá sì ti pa á dáadáa, á dà bí ẹni pé wọ́n ń yan nǹkan níbi tó jìnnà. Láti ìgbà tí ọyẹ́ bá ti dé títí di ìgbà tí òjò àkọ́kọ́ bá rọ̀, gbogbo àpáta pẹlẹbẹ tó wà láàárín àwọn òkè Dassa ló máa ń funfun fún èlùbọ́. Àpáta kọ̀ọ̀kan ló ní ìyá tó ni ín. Kò sí ìwé kankan lórí rẹ̀, ṣùgbọ́n kò sí obìnrin tó máa ṣèèṣì sá iṣu tirẹ̀ sórí àpáta ẹlòmíràn. Àpáta ìyá mi wà lẹ́yìn ilé ìwòsàn. Ó tẹ́jú bí ẹní, oòrùn kì í sì í kúrò lórí rẹ̀ láti àárọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́. Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ yìí, ibẹ̀ ló ti bẹ̀rẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó pẹ́ kí n tó mọ̀.

Ìgbà Rẹfolúsíọ̀n ni, nígbà tí ìjọba ológun ní àwọn fẹ́ yí gbogbo ìlú padà. Ẹ̀yin tí a jọ gbé ayé ìgbà náà mọ bó ṣe rí: gbogbo ènìyàn ló ń jẹ́ kamarádì, ìkúùkù la fi ń kí ara wa nípàdé, tí nǹkan kan bá sì bàjẹ́, kò lè kàn bàjẹ́ lásán, ẹnì kan gbọ́dọ̀ wà tó bà á jẹ́. Tí ọkọ̀ bá kú sójú ọ̀nà, ọ̀tá ló wà nídìí ẹ̀. Tí òwú ò bá ṣe dáadáa, ọ̀tá ni. Wọ́n ń sọ fún wa nínú rédíò pé ká máa ṣọ́ra, wọ́n ń sọ ọ́ nípàdé, wọ́n sì kọ ọ́ sára ògiri ilé ẹ̀kọ́. Èmi ní tèmi, ẹnikẹ́ni ò nílò láti kọ́ mi. Láti kékeré ni mo ti jẹ́ onífura. Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin máa ń sọ pé tí wọ́n bá bu ẹja sínú ọbẹ̀ mi, màá kọ́kọ́ bi ẹja náà léèrè ibi tó ti ń bọ̀.

Abúlé wa wà lọ́nà Tré, láàárín òkè méjì, ilé ìwòsàn rẹ̀ ò sì ju yàrá mẹ́ta tí wọ́n kùn ní funfun lọ. Ọkùnrin kan tó jẹ́ ọmọ Fọ̀n, tí wọ́n gbé wá láti ìsàlẹ̀ lọ́hùn-ún, ló ń tọ́jú àwọn aláìsàn níbẹ̀. Kì í ṣe dókítà gidi, ṣùgbọ́n dókítà ni gbogbo wa ń pè é. Èmi ni olùrànlọ́wọ́ rẹ̀. Mo ti kàwé díẹ̀, mi ò tíì lọ́kọ, iṣẹ́ tó sì ṣe pàtàkì jù tó fà lé mi lọ́wọ́ ni ìtọ́jú fírígò tí abẹ́rẹ́ àjẹsára àwọn ọmọdé wà nínú rẹ̀. Fírígò tó ń lo epo kẹrosíìnì la kọ́kọ́ ní. Ó máa ń rùn, ó máa ń yọ èéfín dúdú, tí epo bá sì wọ́n ní Dassa, abẹ́rẹ́ á bàjẹ́. Nígbà tí wọ́n wá sọ pé wọ́n máa fún wa ní fírígò tó ń lo agbára oòrùn, inú wa dùn gan-an. Tí nǹkan kan bá wà tí kì í wọ́n ní Dassa, oòrùn ni.

Àwọn òṣìṣẹ́ méjì ló gbé e wá láti Kútọnu. Oṣù kẹsàn-án ni, òjò ò tíì dáwọ́ dúró, ṣùgbọ́n ọjọ́ tí wọ́n dé, ojú ọ̀run mọ́. Dẹlẹgé, ìyẹn olórí ìgbìmọ̀ Rẹfolúsíọ̀n ní abúlé wa, ló mú wọn káàkiri láti wá ibi tí wọ́n máa gbé àwọn pánò tó ń gba agbára oòrùn lé. Àpáta kan ló wà níwájú ilé ìwòsàn, tí òkúta gíga kan nàró sí apá gúúsù rẹ̀. Oòrùn ọ̀sán wà lórí àpáta náà kedere, wọ́n sì ní ibẹ̀ dára. Pánò mẹ́rin ni, dúdú, tí gíláàsì wà lójú wọn. Wọ́n tò wọ́n sórí ẹsẹ̀ irin, wọ́n fa okùn iná wọ inú yàrá, wọ́n sì so ó mọ́ àwọn bátìrì ńlá tó wà nínú àpótí igi. Lára ògiri, wọ́n kan àpótí kékeré kan tó ní abẹ́rẹ́ bíi ti aago. Tí oòrùn bá ń ṣiṣẹ́, abẹ́rẹ́ náà á dìde.

Wọ́n kọ́ wa ní gbogbo ohun tó yẹ ká ṣe, mo sì há a sórí bí àwọn ọmọ ìjọ ṣe ń há ẹ̀kọ́ ìgbàgbọ́. Ká máa fi aṣọ rírọ̀ tó lómi nu eruku kúrò lójú pánò láàárọ̀, kí gíláàsì tó gbóná. Ká máa wo inú bátìrì lóṣooṣù, tí omi rẹ̀ bá lọ sílẹ̀, inú kẹ́ẹ̀gì tí wọ́n gbé wá ni ká ti bù ú, ká má ṣe bu omi kànga sí i láé. Ká máa fi gíríìsì pa ibi tí okùn ti kan orí bátìrì, kí nǹkan funfun má bàa hù síbẹ̀. Lékè gbogbo rẹ̀, ẹnikẹ́ni ò gbọ́dọ̀ fa iná yìí lọ fún nǹkan mìíràn, ì báà ṣe fìtílà, ì báà ṣe rédíò. Èyí tó kẹ́yìn yẹn ló wọ̀ mí lára jù. Mo ti ń wo ojú àwọn tó dúró yí wa ká láti mọ ẹni tó máa kọ́kọ́ dán an wò.

Wọ́n ní irú nǹkan bẹ́ẹ̀ gbọ́dọ̀ ní ọlọ́dẹ, wọ́n sì rán ọkùnrin kan sí wa láti Aklampa. Ó tó ẹni ogójì ọdún, ó ga, ó sì dákẹ́. Kò mú ìyàwó wá, kì í bá àwọn ọkùnrin mu ọtí lábẹ́ igi, òun nìkan ló ń dá oúnjẹ rẹ̀ jẹ. Ohun kan ṣoṣo tó dà bíi pé ó fẹ́ràn ni rédíò kékeré kan tó máa ń gbé sínú àpò aṣọ. Èmi sì rèé, tí mo bá ti rí ẹni tí kì í bá ènìyàn sọ̀rọ̀, mo máa ń gbà pé ó ní ohun tó fi pa mọ́ ni. Mo kí i dáadáa, ó dá mi lóhùn dáadáa, ṣùgbọ́n láti ọjọ́ tó ti dé ni ọkàn mi ò ti balẹ̀ sí i.

Oṣù méjì àkọ́kọ́ lọ geere. Fírígò tutù débi pé dókítà máa ń fún àwọn àlejò ní omi láti inú rẹ̀ kí ẹnu lè yà wọ́n. Ṣùgbọ́n nígbà tí ọyẹ́ dé tán, ní àárọ̀ ọjọ́ kan, mo ṣílẹ̀kùn rẹ̀, atẹ́gùn tó jáde kò tutù mọ́. Ọ̀pá gíláàsì tí a fi ń wo bó ṣe tutù tó ti gòkè ju ibi tó yẹ lọ. Nígbà tó di ìrọ̀lẹ́, ó tún tutù padà díẹ̀, ní àárọ̀ ọjọ́ kejì ó tún gbóná. Abẹ́rẹ́ tó ti gbóná kò ṣeé fún ọmọ. Dókítà kó gbogbo rẹ̀ dà nù, ojú rẹ̀ sì pọ́n. Ìgbà ọyẹ́ ni eéyi máa ń jà, gbogbo wa la mọ̀. Àwọn ìyá tó ti pọn ọmọ wá láti oko ọ̀nà jíjìn la ní kí wọ́n máa padà lọ. Ọ̀kan nínú wọn bi mí pé ìgbà wo ni kí òun padà wá.

A wá ohun tó fà á. Ọyẹ́ ti da eruku pupa bo gbogbo nǹkan, a rò pé òun ni, mo sì ń nu pánò lẹ́ẹ̀mejì lóòjọ́. Kò yí padà. Dókítà ṣí àpótí bátìrì, ó rí nǹkan funfun díẹ̀ lórí okùn méjì, ó hó o kúrò, ó pa gíríìsì sí i. Kò yí padà. Omi inú bátìrì pé. Okùn iná kò já, eku kò jẹ ẹ́. Láàárọ̀, tí oòrùn bá ti yọ, abẹ́rẹ́ inú àpótí kékeré máa ń dìde bó ṣe yẹ. Òwúrọ̀ la sì máa ń wò ó, torí ìgbà náà ni ọwọ́ wa máa ń dilẹ̀. Nítorí náà dókítà fọwọ́ lẹ́rán, ó ní pánò ń ṣiṣẹ́, bátìrì dára, síbẹ̀ tí ilẹ̀ bá fi máa mọ́, kò sí nǹkan kan nínú bátìrì mọ́. Ó ní a jẹ́ pé ẹnì kan ń fa iná yìí lò lóru. Kò dárúkọ ẹnikẹ́ni. Kò nílò àtidárúkọ ẹnikẹ́ni, torí ọlọ́dẹ nìkan ló ń sun ibẹ̀.

Bí mo ṣe bẹ̀rẹ̀ sí ṣọ́ ọ nìyẹn. Mo rí ibì kan tó dára fún iṣẹ́ náà. Òkúta gíga tó nàró sí apá gúúsù yẹn ní òjìji tó máa ń dé tó bá kù díẹ̀ kí ọ̀sán pọ́n, òjìji tó tutù dáadáa, ó sì máa ń nà dé ẹ̀gbẹ́ ibi tí àwọn pánò wà. Ibẹ̀ ni mo máa ń gbé oúnjẹ ọ̀sán mi lọ. Màá fẹ̀yìn ti òkúta, màá máa jẹ iyán mi díẹ̀díẹ̀, ojú mi á sì wà lára ọlọ́dẹ. Mo sì rí ohun tí mò ń wá. Lójoojúmọ́, ní ọ̀sán gangan, ọkùnrin náà máa ń jáde láti yàrá rẹ̀, á wo ọ̀tún, á wo òsì, á lọ bẹ̀rẹ̀ nídìí ẹsẹ̀ pánò. Á mú nǹkan kékeré nílẹ̀ níbẹ̀, á rìn síwájú díẹ̀, á tún bẹ̀rẹ̀. Lẹ́yìn náà á wọlé. Mi ò rí ohun tó wà lọ́wọ́ rẹ̀. Mo fi dá ara mi lójú pé okùn ni.

Ó yẹ kí n lọ bi í léèrè. Ìgbésẹ̀ ogún péré ló wà láàárín wa. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń fura kì í fẹ́ bèèrè, torí tó bá bèèrè, wọ́n lè dá a lóhùn. Ọ̀dọ̀ dẹlẹgé ni mo lọ. Mo sọ ohun tí mo rí, mo sì fi díẹ̀ kún un: mo ní mo gbọ́ rédíò rẹ̀ lálaalẹ́, bẹ́ẹ̀ ẹ̀ẹ̀mejì péré ni mo gbọ́ ọ. Dẹlẹgé dúpẹ́ lọ́wọ́ mi, ó pè mí ní kamarádì tó lójú inú. Inú mi dùn sí orúkọ yẹn títí mo fi délé. Mo ń sọ ọ́ báyìí kí ẹ lè mọ irú ènìyàn tí mo jẹ́ nígbà náà.

Lọ́jọ́ kejì wọ́n tú yàrá ọlọ́dẹ. Wọ́n rí rédíò, wọ́n sì rí okùn iná tí kò gùn ju apá lọ. Ó ní òun fi ń so àpò òun ni. Wọ́n bi í ní ohun tó máa ń ṣe nídìí pánò lọ́sàn-án. Ọkùnrin náà wo ilẹ̀, ó ní pílì, ìyẹn àwọn bátìrì kékeré inú rédíò òun, ti kú, òun ò rí òmíràn rà, òun ń sá wọn sóòrùn kí wọ́n lè tún sọ̀rọ̀ díẹ̀. Dẹlẹgé rẹ́rìn-ín. Gbogbo wa la mọ̀ pé àwọn ènìyàn máa ń sá pílì tó ti kú sóòrùn, ilé wa náà ń ṣe é, ṣùgbọ́n lọ́jọ́ yẹn ó dún bí irọ́ létí wa. Kò sí ẹni tó jáde lọ wò ó bóyá pílì wà lórí àpáta. Wọ́n tì í mọ́ yàrá ìpàdé, wọ́n ní tó bá di ọjọ́ Ẹtì, ọkọ̀ máa wá gbé e lọ sí Dassa gẹ́gẹ́ bí ọ̀tá Rẹfolúsíọ̀n tó ń pa ọmọ àwọn ènìyàn. Ọjọ́rú la wà.

Ìyá mi ń bó iṣu níwájú ilé nígbà tí mo délé nírọ̀lẹ́. Mo jókòó tì í, mo mú ọ̀bẹ kejì, mo sì sọ gbogbo rẹ̀ fún un bí ẹni tó ń ròyìn iṣẹ́ rere. Nígbà tí ọ̀rọ̀ mi dé ibi tí wọ́n ti fẹ́ gbé ọkùnrin náà lọ, ọ̀bẹ rẹ̀ dúró.

"Wọ́n máa gbé e lọ síbo?"

"Sí Dassa, màmá. Lẹ́yìn Dassa, mi ò mọ̀."

Ó bó iṣu kan tán. Ó gé e, ó kó o sínú omi, ó mú òmíràn. Lẹ́yìn náà ló bi mí bóyá òjìji òkúta gíga yẹn ti dé ara pánò. Mo ní òjìji wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n kò tó nǹkan, igun kan péré ló máa ń kàn lọ́sàn-án, inú rẹ̀ ni mo ti máa ń jẹun. Ìyá mi mi orí.

"Láti ìgbà tí ọyẹ́ ti dé ni. Oòrùn ti yà sí apá òkúta, kò ní padà títí ọyẹ́ á fi lọ. Kò sí obìnrin kan ní abúlé yìí tó máa sá iṣu síbẹ̀ nígbà ọyẹ́. Á bu."

Mo ní kí ló dé tí ẹnikẹ́ni ò sọ fún àwọn ará Kútọnu. Ó gbé ọ̀bẹ sílẹ̀.

"Àwa la ní kí wọ́n gbé e síbẹ̀."

Ó wá ṣàlàyé fún mi. Ọjọ́ tí àwọn òṣìṣẹ́ méjì yẹn ń wá àyè, orí àpáta ìyá mi ni wọ́n kọ́kọ́ dúró sí, ó sì wù wọ́n. Ìyá mi rí wọn láti òkèèrè. Ọdún tó ṣáájú ìyẹn ni ìjọba ti gba ilẹ̀ ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà fún oko àjọṣe, kò sì sí ẹni tó dá a padà. Òun àti àwọn obìnrin méjì kan sá lọ bá dẹlẹgé, wọ́n ní àgbàrá máa ń gba orí àpáta yìí kọjá, wọ́n ní ààrá ti sán síbẹ̀ rí, wọ́n ní kó wá wo ti iwájú bí oòrùn ṣe wà lórí rẹ̀. Dẹlẹgé wò ó, oòrùn wà níbẹ̀ lóòótọ́. Lóṣù kẹsàn-án, oòrùn máa ń wà níbẹ̀. Ìyá mi ní òun ò mọ̀ pé irin náà máa ṣàárẹ̀ nítorí òjìji tó kéré bẹ́ẹ̀, òun rò pé á kàn lọ́ra díẹ̀ ni. "Àpáta yẹn ni mo fi tọ́ yín," ló fi parí ọ̀rọ̀ rẹ̀.

Gbogbo oṣù tí mo fi ń wo ẹni tó ń pa fírígò wa, inú ilé wa ni ọ̀rọ̀ náà wà, inú ohun tó ń pa á gan-an ni mo sì ti ń jókòó jẹun. Mi ò lè sùn dáadáa. Tí mo bá dákẹ́, wọ́n máa gbé ọkùnrin kan lọ nítorí irọ́ mi. Tí mo bá sọ̀rọ̀, dẹlẹgé máa bèèrè ẹni tó yan àpáta náà. Mo ti ṣe amọ̀nà wọn dé yàrá ọlọ́dẹ, ó wá ku kí n ṣe amọ̀nà wọn dé ilé ìyá mi. Ẹ̀rù bà mí gan-an.

Láàárọ̀ Ọjọ́bọ̀, mo bẹ dókítà pé kó má ṣe kúrò nídìí àpótí kékeré yẹn títí ọ̀sán. Mi ò dárúkọ ìyá mi. Láti òwúrọ̀, abẹ́rẹ́ náà ń gòkè díẹ̀díẹ̀, ó sì dúró síbi tó ga. Èmi wà níta lórí àpáta, mò ń wo òjìji bó ṣe ń wọ́ bọ̀. Nígbà tó kan igun pánò àkọ́kọ́, tí kò tíì fẹ̀ ju ìdajì ìborùn mi lọ, mo ké sí dókítà. Ó dá mi lóhùn láti inú yàrá, ó ní abẹ́rẹ́ ti wálẹ̀. Ó jáde wá, ó wo pánò, ó tún sá wọlé lọ wo abẹ́rẹ́. "Impossible," ló ń sọ, ó sọ ọ́ tó ìgbà mẹ́ta. Lẹ́yìn náà ló jókòó sórí àpáta, ó ní ó yé òun. Ó ní wọ́n so àwọn pánò náà mọ́ ara wọn lẹ́sẹẹsẹ, bí ìgbà tí àwọn ènìyàn tò láti odò tí wọ́n ń gba korobá omi lọ́wọ́ ara wọn. Tí ẹnì kan bá sùn lórí ìlà, omi ò ní délé. Oòrùn àárọ̀ nìkan ni bátìrì ń rí gbà, kò sì lè gbé fírígò mọ́jú.

Mo wo ilẹ̀ nídìí ẹsẹ̀ pánò. Pílì mẹ́rin wà níbẹ̀ tí wọ́n tò sórí àpáta, orí wọn kọ sí apá kan náà. Ibi tí oòrùn wà lánàá ló tò wọ́n sí. Nítorí pé ó wà ní àtìmọ́lé, kò sí ẹni tó wá ṣí wọn nípò, òjìji sì ti bò wọ́n. Ohun tó ń bẹ̀rẹ̀ ṣe lójoojúmọ́ nìyẹn: ó ń gbé wọn sá fún òjìji. Mo fẹ́ sunkún, ṣùgbọ́n dókítà wà níbẹ̀.

Dókítà ló ránṣẹ́ pe dẹlẹgé. Dẹlẹgé wá, a fi abẹ́rẹ́ hàn án, a fi aṣọ bo igun pánò kan, a ṣí i, a tún bò ó, kó lè rí i fúnra rẹ̀. Ṣùgbọ́n ó ti kọ ìwé sí Dassa pé òun ti mú ọ̀tá, ojú rẹ̀ sì ń wá ibi tó máa gbé orúkọ náà lé.

"Ta ló yan àpáta yìí?"

"Ẹ̀yin ni, kamarádì," ni dókítà sọ.

Dẹlẹgé ní wọ́n tan òun ni, ó ní àwọn obìnrin kan ló wá bá òun lọ́jọ́ náà, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí fi ìka ka wọn. Kò tíì ka dé ìka kejì tí a fi gbọ́ ẹsẹ̀ lẹ́yìn ilé. Ìyá mi ló ń bọ̀, òun àti àwọn obìnrin méjì yẹn, apẹ̀rẹ̀ èlùbọ́ tí kò tíì gbẹ tán lórí wọn. Wọ́n ti kó gbogbo ohun tó wà lórí àpáta rẹ̀, wọ́n sì ti gbá a mọ́. Ìyá mi sọ apẹ̀rẹ̀ rẹ̀ kalẹ̀. Dẹlẹgé yìí, ojú ìyá mi ni wọ́n ṣe bí i, ṣùgbọ́n lọ́jọ́ yẹn ìyá mi kúnlẹ̀ fún un.

"Èmi ni mo ní kí ẹ gbé e síbí. Mo ti gbá tèmi mọ́, ẹ wá gbé e lọ síbẹ̀, oòrùn kì í kúrò níbẹ̀. Ẹ tú ọmọ ọlọ́mọ sílẹ̀. Tó bá jẹ́ pé ẹ gbọ́dọ̀ gbé ẹnì kan lọ sí Dassa, èmi nìyí."

Mo ń wo dẹlẹgé bó ṣe ń ro ó. Tó bá gbé ìyá mi lọ, ó máa ṣàlàyé níwájú àwọn ọ̀gá rẹ̀ bí obìnrin mẹ́ta tó ń sá èlùbọ́ ṣe fọwọ́ mú un kiri bí afọ́jú. Ó wúkọ́, ó sì ní kí ìyá mi dìde. Ó ní ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe ti ọ̀tá, àṣìṣe iṣẹ́ ẹ̀rọ ni, àwọn ará ìlú fúnra wọn ló sì fi ìṣọ́ra wọn rí i. Bó ṣe kọ ọ́ sínú ìwé kejì nìyẹn. Mo dúró níbẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, mi ò lanu sọ pé èmi ni mo fẹ̀sùn kan ọlọ́dẹ, mi ò sì kúnlẹ̀ ti ìyá mi. Ìtìjú yẹn ò tíì kúrò lára mi.

Wọ́n tú ọlọ́dẹ sílẹ̀ nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà. Òun náà wà lára àwọn tó tú àwọn pánò ní Ọjọ́ Ẹtì, tí wọ́n gbé wọn lọ sẹ́yìn ilé ìwòsàn. Okùn iná náà gùn débẹ̀ dáadáa. Kí ọ̀sẹ̀ tó parí, fírígò ti tutù láti alẹ́ mọ́jú. Dókítà gun mobilẹ́ẹ̀tì, alùpùpù kékeré rẹ̀, lọ sí Dassa, ó gbé abẹ́rẹ́ tuntun wá nínú àpótí yìnyín, a sì ránṣẹ́ sí oko pé kí àwọn ìyá padà wá. Obìnrin tó bi mí léèrè lọ́jọ́sí wà lára wọn. Ìyá mi ní tirẹ̀ lọ tọrọ àyè lórí àpáta ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lókè lọ́hùn-ún. Ní gbogbo ọdún tó kù tó fi lágbára, ibẹ̀ ló ń ru iṣu gùn lọ. Kò fi í bú mi lọ́jọ́ kan.

Ọlọ́dẹ ò dúró pẹ́. Nígbà tí òjò àkọ́kọ́ rọ̀, ó ní kí wọ́n jẹ́ kí òun padà sí Aklampa. Àárọ̀ ọjọ́ tó ń lọ, ó wá dá aṣọ tí a fi ń nu pánò padà fún mi, ó ti fọ̀ ọ́, ó ti ká a. Mo ti ń wá ọ̀rọ̀ tí mo máa sọ fún un láti oṣù mélòó kan. Òun ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀, ohùn rẹ̀ ò sì le.

"Àbúrò, mo máa ń rí ẹ nínú òjìji yẹn lójoojúmọ́. Mo rò pé ìwọ lo máa kọ́kọ́ rí i pé pílì ni mò ń gbé sá fún un."

Mo ní ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú. Ó mi orí bí ẹni tó gbọ́, ó gbé àpò rédíò rẹ̀ kọ́ èjìká, ó sì sọ̀ kalẹ̀ lọ sójú ọ̀nà. Mi ò rí i mọ́ láti ọjọ́ yẹn.

Dassa ni mò ń gbé báyìí, ibi gbogbo ni pánò wà, àwọn ọ̀dọ́kùnrin ń fi ọ̀kadà gbé wọn kiri bí ẹni gbé ilẹ̀kùn. Èyí tó wá gbé tèmi sórí òrùlé, oṣù kẹjọ ló wá. Ó wo ojú ọ̀run lẹ́ẹ̀kan, ó ní apá ibí dára. Mo ní kó dúró ná. Mo ké sí ìyá tó ń ta aṣọ nínú ilé kejì, obìnrin mùsùlùmí kan tó máa ń sá ata sórí òrùlé rẹ̀ lọ́dọọdún, mo bi í pé tí ọyẹ́ bá dé, níbo ni òjìji òkè máa ń bọ́ sí. Kò tilẹ̀ ronú. Ó nawọ́ sí ibi tí ọmọkùnrin náà ti fẹ́ lu ihò gan-an. Ó ya ọmọkùnrin náà lẹ́nu, ó ní òun ò mọ̀ pé ẹnikẹ́ni mọ irú nǹkan bẹ́ẹ̀. Mo ní ẹni tó bá ń sá nǹkan sóòrùn mọ̀ ọ́n, wọn ò kàn bi í léèrè ni.

Mi ò purọ́ fún yín, onífura ni mí títí di òní. Àwọn ọmọ mi mọ̀, àwọn tó ń tajà fún mi lọ́jà náà mọ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí nǹkan bá bàjẹ́, tí ojú mi sì ti fẹ́ lọ bá ẹnì kan, mo máa ń rántí pílì mẹ́rin tí òjìji bò lórí àpáta, mo sì máa ń kọ́kọ́ wo ibi tí èmi fúnra mi jókòó sí.